Ẹ̀jẹ̀ Àwọn Ọlọ́kadà Ìròlú

Ìròlú,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kejì, ọdún 2024.

Àǹtí Bùkọ́lá mi,

Ẹ kú òtútù o. Wọ́n ní yìnyín ibẹ̀ yẹn lè gé etí ènìyàn jábọ́, kí olúwarẹ̀ sì máa rìn lọ láì mọ̀. Mo gbà pé etí yín méjèèjì ṣì wà níbẹ̀. Èmi Láídé ni, ọmọ ẹ̀gbọ́n yín, tí gbogbo ọlọ́kadà Ìròlú ń pè ní Ọ̀gá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fèsì lórí Wásáàpù. Alaalẹ́ ni Màámi ń yẹ fóònù mi wò bíi kọ́sítọ́ọ̀mù. Í-meèlì nìkan ni wọn ò mọ̀ ọ́n ṣí.

Ọ̀rọ̀ Tìmí ni. (Màámi ní kí n máa pè é ní Bọ̀ọ̀dá, torí ó fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ, ṣùgbọ́n irú bọ̀ọ̀dá wo ni mo lè gbé pọ̀n?) Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá wa sílẹ̀ ní ọsibítù ńlá tó wà ní Ṣàgámù ni. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tún lọ sílẹ̀, bí ẹ ṣe mọ̀ pé ó máa ń lọ nítorí SS tí wọ́n bí mọ́ ọn. Wọ́n ní àfi tí a bá mú ẹni tó máa fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ wá kí wọ́n tó lè gbé ẹ̀jẹ̀ jáde fún un. Ta ló lọ wá ènìyàn? Èmi ni! Mo dúró ní ìkóríta, mo sọ fún àwọn ọlọ́kadà pé ẹni tó bá fún Tìmí lẹ́jẹ̀, Ọlọ́run á máa da epo sí táǹkì rẹ̀ láti òkè. Lásúnkànmí ará Ṣímáwà ló kọ́kọ́ nawọ́. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń kó wọn lọ báyìí. Ẹ̀jẹ̀ tí mo ti rí gbà, bí wọ́n bá dà á sí odò Ìbù, á kún bo afárá.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé kò sàn. Ẹyin ojú rẹ̀ ti di àwọ̀ ìyeyè. Ara rẹ̀ tó pupa tẹ́lẹ̀ ti ń dú bí ìdí ìkòkò. Láti pálọ̀ dé ẹnu ọ̀nà, á dúró mí bí ẹni tó ti Ìkẹ́nnẹ́ sáré wá. Bẹ́ẹ̀ Màámi ń fún un ní tọ́níìkì ẹ̀jẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́, oje ewé ugu, mọ́ọ̀tì àti mílíìkì.

Ẹ̀yin lẹ ń ṣèwádìí ẹ̀jẹ̀ àti irin inú rẹ̀ ní Glasgow. Èwo ló lágbára jù nínú tọ́níìkì ilẹ̀ yẹn? Ẹ fi ìgò ńlá ránṣẹ́. Ẹ má fi kékeré dójú tì mí.

Èmi ni,
Láídé.


Glasgow,
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kejì.

Láídé ọmọ mi,

Etí mi wà níbẹ̀. Mo jókòó ka lẹ́tà rẹ, mo sì dìde dúró kí n tó kà á tán. N kò ní fi tọ́níìkì kankan ránṣẹ́. Èyí tó wà nílé pàápàá, kí Tìmí má mu ún mọ́.

Fetí sílẹ̀ dáadáa, nítorí iṣẹ́ tí mò ń ṣe gan-an nìyí. Oríṣiríṣi ni àìtó ẹ̀jẹ̀. Aboyún tí kò jẹun kánú, ọmọ tí aràn ń mu lẹ́jẹ̀, irin ni wọ́n ṣaláìní; tọ́níìkì á ṣe wọ́n lóore. Ti Tìmí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ ń tètè fọ́ ni, irin inú rẹ̀ kò sì lọ síbì kankan. Àpò ẹ̀jẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fà sí i lára tún ń gbé irin tirẹ̀ wá. Ara ènìyàn mọ bí a ṣe ń gba irin wọlé. Kò ní ẹnu ọ̀nà tó lè gbà tì í jáde. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ àlejò yẹn bá gbó tó sì kú, irin rẹ̀ á wá ibi jókòó sí. Á kọ́kọ́ jókòó sínú ẹ̀dọ̀. Lẹ́yìn náà, ọkàn. Ara tó ń dú, àárẹ̀ tí kò lọ, irin ni mo fura sí.

Ní kí dókítà ṣe àyẹ̀wò irin tó ti pamọ́ sí i lára. Oògùn kan wà tó lè máa fà á jáde díẹ̀díẹ̀. Èmi fúnra mi ni màá pe ìyá rẹ.

Àǹtí rẹ,
Adébùkọ́lá.


Ìròlú,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta.

Àǹtí mi,

Ẹ kú ìfaradà ẹnu Màámi. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo wà nígbà tí ẹ pè. Bí wọ́n ṣe já fóònù mọ́ yín létí tán, wọ́n fi èdè Rẹ́mọ gidi bú yín, ti àwọn àgbà Òfin ní Ṣàgámù, èyí tí mi ò lè kọ sílẹ̀. Wọ́n wá ní, "Eku ni Bùkọ́lá ń tọ́jú níbi ìwádìí rẹ̀. Èmi, ọmọ ni mò ń tọ́jú. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ò tó lára ẹ̀, wọ́n ní ká má fún un ní nǹkan ẹ̀jẹ̀! Ṣé òtútù ti wọ Bùkọ́lá lọ́pọlọ ni?"

Màámi nìkan kọ́ sì ni ìṣòro. Àbí ẹ ti gbàgbé ilé? Kò sẹ́ni tó ń kí aláìsàn lọ́wọ́ òfo. Gbogbo ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ló ń gbé ìgò wá, wọn kì í sì gbé e kalẹ̀ lọ. Wọ́n máa dúró wò ó títí á fi mu ún. Ìyá Deborah, olórí àwọn obìnrin ìjọ, ni ọ̀gá wọn. Bí Tìmí bá ní òun ti yó:

"Ẹ̀n-ẹ́n? Ṣé ọwọ́ mi ló rùn ni?"

"Rárá o, mà."

"Ó dáa, mu ún kí n rí i. Gbé e mì. Ya ẹnu."

Ya ẹnu, Àǹtí! Fún ọmọ ogún ọdún!

Ni mo bá ta ọgbọ́n. Mo da tọ́níìkì inú gbogbo ìgò nù sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo se zóbò, mo rọ ọ́ sínú wọn. Àwọ̀ kan náà! Tìmí gan-an ń bá mi ṣeré náà: bó bá ti mu ún tán, á fún ojú pọ̀ bí ẹni tó jẹ orógbó. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Ìyá Deborah na ìka sí i: "Ẹ wò ó, àwọ̀ ọmọ ti ń padà bọ̀! Tọ́níìkì mi ni!" Tìmí rẹ́rìn-ín títí èémí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò náà. Dókítà wo èsì, ó wo Tìmí, ó tún wo èsì. Irin tó wà lára ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n lè fi kọ́ bíríìjì Ṣàgámù intaséńjì, kí ó sì ṣẹ́kù fún géètì. Oògùn tó ń fà á jáde ò sí nílẹ̀ báyìí. Ẹ bá wa wá a.

Ìbéèrè kan wà tí mi ò fẹ́ bi yín. Ẹ ní àpò ẹ̀jẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbé irin wá. Ti àwọn ọlọ́kadà mi ńkọ́?

Láídé.


Glasgow,
Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹrin.

Láídé,

Ẹ kú ọdún Àjíǹde. Oògùn náà ti wà lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Afọláyan, ará Òfin, tó ń bọ̀ wálé lóṣù yìí. Ìwọ ni kí o lọ gbà á. Gbé e fún dókítà kí Tìmí tó fi kan ẹnu. Wọ́n gbọ́dọ̀ máa yẹ kíndìnrín rẹ̀ wò bí ó ṣe ń lò ó.

Zóbò rẹ pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì bà mí lẹ́rù. Sọ òtítọ́ fún ìyá rẹ kí ó tó fojú ara rẹ̀ rí i.

Ìbéèrè rẹ ńkọ́? Bẹ́ẹ̀ ni, irin ẹ̀jẹ̀ àwọn ọlọ́kadà náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe tiwọn, Tìmí ì bá ti kú lọ́dún tó kọjá. Òtítọ́ ni méjèèjì, ọ̀kan ò sì pa ìkejì rẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ohun tí yóò lé irin kúrò nínú ọkàn láì pa kíndìnrín lára. Ara eku ni mo ṣì ti ń dán an wò. Nígbà tí mo ń fi ilé sílẹ̀, Tìmí kékeré rọ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ẹ bá mi bi àwọn òyìnbó ìdí tí egungun mi fi ń dùn mí." Òun ló gbé mi dénú iṣẹ́ yìí. Mo ti mọ ìdí báyìí. Ìdí nìkan ni mo sì mọ̀.

Adébùkọ́lá.


Ìròlú,
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Karùn-ún.

Àǹtí mi,

Ẹ kú wàhálà wa. Mo ti gba oògùn lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Afọláyan. Ó kọ́kọ́ bi mí lórúkọ bàbá tó bí bàbá mi, bí ẹni pé wúrà ni mo wá gbà. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ojúlówó ni. Màámi ní torí pé dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀ làwọn fi gbà, kì í ṣe torí yín. Ẹ má dá wọn lóhùn jàre. Mo rí wọn tí wọ́n gbé oògùn náà lé orí Bíbélì kí wọ́n tó tú u.

Inú omi ni wọ́n ń yọ́ ọ sí fún Tìmí láràárọ̀. Lánàá ó rìn dé ìdí géètì, ó sì padà láì dúró mí! Ó ní bí ara òun bá rí báyìí dé Kérésì, òun á tún ìdánwò JAMB kọ. Mo ní kó kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ abọ́ tí wọ́n fi jẹun.

Mi ò tíì sọ ti zóbò fún Màámi. Ọjọ́ tí inú wọn bá dùn dáadáa ni mò ń dúró dè.

Láídé.


Ìròlú,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹfà.

Bùkọ́lá,

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ ni mò ń sọ̀rọ̀. Láídé ló ń tẹ̀ ẹ́, kò sì gbọdọ̀ yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò. (Mi ò yọ ọ́, Àǹtí. Mo kàn ń fi kún un ni.)

Eèrà ló tú àṣírí yín. Mo jí, mo rí eèrà tó tò láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ìgò tọ́níìkì. Ìgbà wo ni eèrà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàárẹ̀ ẹ̀jẹ̀? Mo tọ́ ọ wò: zóbò! Zóbò tó dùn bíi ti ìkómọ! (Ṣúgà ló pọ̀ jù. Àṣìṣe mi nìyẹn.) Ìyá Deborah gbọ́ sí i, kò sì tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà. Ó ní mo fi òun ṣe ẹlẹ́yà níwájú ìjọ.

Mo gbà, ìyẹn ti kọjá. Oògùn tìrẹ ńkọ́? Mo lò ó fún un bí dókítà ṣe wí. Mo dúró tì í títí ó fi mu ún tán láràárọ̀. Ìtọ̀ rẹ̀ wá ń dínkù. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni dókítà ní kíndìnrín rẹ̀ ò lè gbà á, wọ́n ti dá oògùn dúró. O ní kí n má fún un ní tèmi, mo gbọ́. Tìrẹ náà tún fẹ́ pa á. Kí ló wá kù? Ìwọ tí o kàwé dé ibi tí ojú mi ò tó, kí ló kù? (Wọ́n ti ń sunkún. Wọ́n ní kí n má kọ ìyẹn.)

Má pè mí. Kọ ọ́ sílẹ̀, kí n lè kà á nígbà tí ọkàn mi bá balẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.


Ìròlú,
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Keje.

Àǹtí, ẹ kú ìdákẹ́.

Màámi ò bi mí bóyá ẹ ti fèsì, ṣùgbọ́n bí fóònù mi bá ti dún, wọ́n á dá ọwọ́ iṣẹ́ dúró. Bó bá jẹ́ àwọn tó ń polówó dátà ni, wọ́n á tún máa bá iṣẹ́ lọ.

Ẹsẹ̀ Tìmí ti wú. Bí mo bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, ojú ibẹ̀ á jìn kòtò bí ẹ̀kọ. Kò lè sùn gbalaja mọ́. Orí ìjókòó ló ń sùn, á gbórí lé tábìlì. Wọ́n ya àwòrán ọkàn rẹ̀. Wọ́n ní ó ti tóbi, ó sì ti rọ̀. Mo bi dókítà pé ṣé kí ọkàn ènìyàn tóbi kì í ṣe nǹkan tó dáa ni. Kò rẹ́rìn-ín.

Ẹ fi í sínú ìwádìí yín. Ṣebí ènìyàn ló kàn lẹ́yìn eku? Ẹ kọ̀wé sí ẹ́ḿbásì, ẹ ní wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e wá. Èmi á pọ̀n ọ́n dé ìdí bàálù. Bí bàálù ò bá gbéra, èmi á tì í.

Láídé.


Ìròlú,
Ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹjọ.

Àǹtí Bùkọ́lá,

Ṣé àwọn eku yẹn ò jẹ́ kí ẹ ráyè ni? Bí eku kan bá ń kú, ṣé ẹ kì í dúró tì í? Ẹ kàn kọ "Mo ti gbọ́." Mi ò bèèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Láídé.


Glasgow,
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kẹsàn-án.

Láídé ọmọ mi, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, torí mo mọ̀ pé ẹ máa kà á,

Mo ti gbọ́. Mo ti gbọ́ tipẹ́. Bí mo bá kọ lẹ́tà yìí dé ìdajì, màá pa á rẹ́, torí mò ń retí pé ọ̀la á fún mi ní ohun tó sàn jù láti kọ. Ọ̀la ò fún mi ní nǹkan kan.

Wọn ò lè gba Tìmí. Kí Láídé tó ní kí n bẹ̀ wọ́n ni mo ti bẹ̀ wọ́n. Ìwádìí lára ènìyàn ò tíì bẹ̀rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ọdún tó máa bẹ̀rẹ̀. Bó bá bẹ̀rẹ̀ pàápàá, ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀ tó báyìí kò ní lè wọ̀ ọ́. Èmi náà ò lè wá. Ìwé ìgbélùú mi wà lọ́wọ́ ìjọba ibí. Bí mo bá jáde kí wọ́n tó dá a padà, ilẹ̀kùn á tì mọ́ mi lẹ́yìn. Ẹ lè bú mi nítorí èyí. Mo ti ń bú ara mi.

Láídé, o bi mí nípa àwọn eku. Mo máa ń dúró tì wọ́n. Èyí tí irin bá ti wọ ọkàn rẹ̀ dé ibi tí ara á fi wú, n kò tíì rí ọ̀kan tó padà bọ̀ sípò. N kò fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì.

Dókítà á bi yín láìpẹ́ bóyá kí wọ́n tún fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Bí wọn ò bá fà á, àìtó ẹ̀jẹ̀ á tètè mú un lọ. Bí wọ́n bá fà á, ara á tù ú fún ọjọ́ díẹ̀, irin á sì tún gorí irin nínú ọkàn tí kò lè gbé èyí tó wà níbẹ̀. Ẹ máa fẹ́ kí n sọ èyí tí ẹ máa ṣe. N kò mọ̀ ọ́n, ẹ̀gbọ́n mi. Gbogbo ìwé tí mo kà, kò sí nínú wọn.

Àbúrò yín,
Adébùkọ́lá.


Ṣàgámù,
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kẹsàn-án.

Àǹtí mi,

Orí bẹ́ǹṣì ọsibítù ni mo wà. Màámi ka lẹ́tà yín. Wọ́n kà á tán, wọ́n lọ bọ́jú, wọ́n ní, "Ó gbìyànjú." Wọn ò fi bú yín.

Àná ni dókítà bi wá, bí ẹ ṣe wí gẹ́lẹ́. Màámi wò mí. Èmi náà wo Màámi. Tìmí ló wá ní, "Ẹ̀yin méjèèjì ń wo ara yín bí àwọn tó ń dúnàádúrà. Ẹ̀jẹ̀ ta ni?" Ó mí, ó sinmi. "Kí wọ́n fà á. Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan dópin láì dúró mí láàárín ẹ̀."

"Ọ̀rọ̀ wo ni?" Màámi bi í.

"Mi ò tíì mọ̀ ọ́n, mà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí èémí tí màá fi sọ ọ́."

Láàárọ̀ yìí mo lọ sí ìkóríta Ìròlú. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá ti dé ibẹ̀, ariwo ni: ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan péré, Tìmí á máa jó kiri ọjà! Lónìí, mo kàn dúró. Àwọn kan yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Wọ́n ti ń sọ ọ́ láàárín ara wọn pé inú apẹ̀rẹ̀ ni mò ń pọn omi sí. Lásúnkànmí nìkan ló yí ọ̀kadà rẹ̀ sọ́dọ̀ mi.

"Ọ̀gá, ó tún ti dé, àbí?"

"Ó ti dé."

"Eléyìí ńkọ́? Ṣé á wò ó sàn?"

Àǹtí, èmi tí irọ́ kì í wọ́n lẹ́nu mi, mo wá ọ̀kan, mi ò rí i. Mo ní, "Rárá. Ó máa pa á lára. Ṣùgbọ́n á lè mí dáadáa dé Sọ́ńdè, bóyá dé Sọ́ńdè kejì."

Èrò kan dé, ó ní Ìkẹ́nnẹ́ lòun ń lọ. Lásúnkànmí ní kó wá ẹlòmíì. Ó fi ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì nu eruku orí ìjókòó ọ̀kadà.

"Gùn ún."

Wọ́n ti gba tirẹ̀. Wọ́n sì ti gbé èyí tó bá ti Tìmí mu jáde látinú fìríìjì. Ó ń kán sí i lára báyìí, díẹ̀díẹ̀, kí ọkàn rẹ̀ má bàa kọ̀ ọ́. Mò ń wò ó láti ẹnu ilẹ̀kùn. Pupa rẹ̀ dára lójú. Màámi di ọwọ́ rẹ̀ kejì mú, wọ́n ń bá a ké èékánná.

Lásúnkànmí jókòó tì mí, ó ń sinmi kí wọ́n tó jẹ́ kó gun ọ̀kadà. Ó bi mí pé lẹ́yìn Sọ́ńdè kejì ńkọ́. Mo ní Àǹtí mi tó ń ṣèwádìí ẹ̀jẹ̀ gan-an ò mọ̀. Ó ní wọn ò ní gba tòun mọ́ fún oṣù mélòó kan, ṣùgbọ́n àbúrò òun kan wà ní Ṣímáwà tí ara rẹ̀ le koko, kò sì bẹ̀rù abẹ́rẹ́. Ó ní òun á gbé e wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Mo fẹ́ sọ fún un pé kó má gbé e wá. Mi ò lè sọ ọ́.

Láídé.